Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Mọ́tò

"Ti òsì yìí, ṣé o ò lè jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀tún ni?"

Bàbá ló bi ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà dùbúlẹ̀ sórí ẹní àlòkù lábẹ́ imú mọ́tò bàbá rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà láàárín eyín rẹ̀, wáyà pupa wà lọ́wọ́ kan, dúdú wà lọ́wọ́ kejì. Ìgbà tó so wọ́n pọ̀ tán ló tó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin. Tó bá ti ké, kí ẹ sá ti tẹ bíréèkì."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ké, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan náà wà?"

"Ẹ máa wò ó ni."

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí eruku kankan ò sí. "Sá bá mi ṣe é," ló wí nígbà tó yá. "Kí ti òsì máa ké fínfín, kí ti ọ̀tún máa ké kíkẹ̀."

Àǹtí Oníná ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ládùúgbò, nítorí iná mọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀: gbogbo ohun tó ń tàn, tó ń ké, tó ń yí, tó sì ní wáyà nídìí. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò kọ́ ọ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìyókù, ẹ̀rọ tó ti kú ló fi kọ́ ara rẹ̀. Á tú u, á tún un tò, á tún un tú, títí tọ́rọ̀ náà á fi sú ẹ̀rọ ọ̀hún, tí á sì jí dìde. Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe gan-an ló máa ń fẹ́ gbìyànjú. Bí Bàbá ṣe sọ̀rọ̀ ohùn méjì yìí, ọkàn rẹ̀ ti sáré lọ sínú àpótí irin tó kó àlòkù ẹ̀rọ sí. Ó ní agogo kékeré kan tó tú lára mọ́tò tó jóná. Ohùn rẹ̀ kẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe," ló wí. Ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu, torí ó dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ tó ń ké tí nǹkan bá ti sún mọ́ mọ́tò yìí kò le. Ojú kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n dè mọ́ bọ́ńpà, wọn ò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ojú kọ̀ọ̀kan á pariwo kan tí etí ènìyàn ò lè gbọ́. Ariwo náà á lọ kọlu ohun tó bá wà níwájú, á sì padà wá. Ẹ̀rọ á ka bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó padà dé; bó bá tètè dé, nǹkan náà ti sún mọ́ni nìyẹn. Bí àdán ṣe ń fò láàárín igi nínú òkùnkùn tí kò forí sọ ọ̀kankan gan-an nìyẹn. Ẹ̀yìn nìkan ni àwọn tó ṣe mọ́tò náà fi í sí. Láti oṣù mẹ́rin tí ìyá Àǹtí Oníná ti kú, Bàbá ti ní kí ó fi sí iwájú. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó fi sí igun ọ̀tún àti igun òsì. Ó wá ku ohùn méjì.

"Bàbá Jẹ́jẹ́," ni Ọ̀gá Ọlọ́dà ké láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó lu ara mọ́tò tó bá tẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà pa á. "Tó bá tún kù díẹ̀, mọ́tò yìí á máa bèèrè pé 'Ta nìyẹn?' kó tó wọ ilé."

"Tìẹ tó ń wú ikọ́ bí ẹni tó gbé eegun mì ńkọ́?" ni Bàbá dá a lóhùn. "Kọ́kọ́ wá oògùn fún ìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí Oníná dìde, ó gbọn eruku lára, ó jókòó sẹ́yìn sítíárìn láti dán iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Mọ́tò gidi ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi wa ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan kiri, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, irú èyí tó wà fún ọ̀gá náà gan-an ló lọ rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ti lò ó kí ó tó kàn án. Ó gùn gbọọrọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú. Àgbàlagbà márùn-ún lè jókòó sínú rẹ̀ kí orúnkún ẹnikẹ́ni má kan ẹ̀yìn ẹnìkan. Rọ́bà ìlọ́po méjì ló yí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ká, tí èèyàn bá pa á dé, á dún gbì, ariwo àdúgbò á sì pa rẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ìdérí dé e. Kòtò tó ń fọ́ ìdí mọ́tò mìíràn, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ á ti gbé e mì kí ó tó dé ìbàdí ẹni tó jókòó. Atẹ́gùn tútù ń yọ síwájú, ó ń yọ sẹ́yìn. Búùtù rẹ̀ gba ẹrù ilé kan. Bàbá kì í pè é ní mọ́tò ńlá. "Mọ́tò ìdílé" ló máa ń pè é, bí ẹni ń sọ oyè.

Àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ti ìyá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e délé, Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, ó tẹrí ba bó ṣe ń tẹrí ba fún ọ̀gá rẹ̀. Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Mi ò kí ń ṣe ọ̀gá yín, ìyàwó yín ni mí," ó sì lọ jókòó síwájú.

Àǹtí Oníná sọ̀ kalẹ̀, ó gbé páálí bátìrì kan sí iwájú bọ́ńpà lápá òsì. Ohùn fínfín. Ó gbé e sí ọ̀tún. Ohùn kíkẹ̀. Bàbá ń gbọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ tó fẹ́ há sórí.

"Bàbá, kí ẹ rántí o. Páàkì ni nǹkan yìí wà fún. Ohun tó ń rí kò kọjá ìwọ̀n apá kan. Tí mọ́tò bá ti ń sáré ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, kó tó ké, ó ti pẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kò sì lè rí nǹkan tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa. Òpó irin, okùn, irú wọn."

"Ọmọdé ńkọ́?" ni Bàbá bèèrè. "Ọmọ tó bá tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Ta ló fẹ́ fi ọmọdé dán an wò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa.

Bàbá wọ mọ́tò rẹ̀, ó rọra wà á lọ sílé. Kò jìnnà, láti ìgbà tí ìyá ti kú ni wọ́n ti ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì wúlò fún wọn, torí ọkọ Àǹtí Oníná ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ṣọ́ọ̀bù sì ní láti ṣí láàárọ̀. Bàbá ló ń gbé ọmọ Àǹtí Oníná kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, lọ sí ilé ìwé, tó sì ń gbé e bọ̀.

Mọ́tò náà ti yà ní ìkóríta kí Ọ̀gá Ọlọ́dà tó súnmọ́ Àǹtí Oníná, ó ń nu ọwọ́ sí àkísà.

"Àǹtí, èmi ò kí ń ṣe olófòófó o."

"Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, òfófó ló fẹ́ ṣe."

Kò rẹ́rìn-ín. "Igun òsì bọ́ńpà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ọ̀dà pa á láàárín oṣù méjì. Bàbá ní kí n má sọ fún yín."

"Kí ló gbá?"

"Wọ́n ní ẹnìkan ló wá gbá àwọn níbi tí àwọn páàkì sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀gbẹ́ kan náà?" Ó gbọn àkísà náà. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Mo ti sọ tèmi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Oníná tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. Bàbá ń sinmi nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí tábìlì ìjẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

"Ẹ̀yìn mọ́tò lo máa ń jókòó sí, àbí?" ni ìyá rẹ̀ bi í, bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Rárá o. Iwájú. Bàbá àgbà ní ẹ̀yìn kì í jẹ́ kí eré wa dùn."

"Eré wo?"

"Eré 'Kí lo rí?'" Ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi í. "Tí wọ́n bá ní 'Kí lo rí lósì?', mo máa sọ gbogbo ohun tó wà lósì kíákíá. Tó bá ṣe èèyàn, máàkì méjì. Tó bá ṣe mọ́tò, máàkì kan. Tí mo bá kọ́kọ́ rí iná pupa, máàkì márùn-ún. Lánàá mo gba mẹ́tàlélógójì."

"Bàbá àgbà ńkọ́? Mélòó ni wọ́n gbà?"

"Wọn kì í gbà tó nǹkan." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń na Bàbá àgbà gan-an ni."

Ọwọ́ Àǹtí Oníná wà lórí abọ́ tó ń nù. Ó rí i pé òun ti ń nu ojú kan náà láti ìgbà díẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó fà á kúrò létí tábìlì, ó jókòó.

Nígbà tó jẹ́ pé wáyà ni, ó mọ bí a ṣe ń tọ̀ ọ́. A ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti kú. A máa padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí tí a ó fi dé ibi tí iná ṣì wà. Ó padà sẹ́yìn. Ohùn méjì. Igun méjì. Iwájú. Ìsìnkú ìyá. Ó sì tún kọjá ìyẹn, ó dé inú mọ́tò náà nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè, tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ ìsinmi.

Ìyá kì í dákẹ́. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. "Ẹnìkan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ òsì o." "Bàbá wọn, iná ti pupa." "Kòtò wà níwájú, ẹ fà á sọ́tùn-ún díẹ̀. Ó tó." "Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n yẹn fẹ́ sọdá." Dírẹ́bà Kejì ni wọ́n ń pè é. Àbúrò òun kan tilẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú gba sítíárìn lọ́wọ́ wọn kí etí wa sinmi." Ìyá dáhùn pé, "Ẹnu mi ni mo fi ń wa tèmi." Bàbá tí kò jẹ́ kí ọ̀gá àgbà gan-an kọ́ òun níṣẹ́ ò jiyàn rí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó sì wá gbá Àǹtí Oníná láyà ni èyí: ìyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mọ́tò náà ṣì jẹ́ tuntun sí wọn, oorun ló máa ń sùn nínú rẹ̀. Àga náà rọ̀, ó gbà á mọ́ra láti èjìká dé itan, mọ́tò ò gbọ̀n, ariwo ò wọlé. Wọn ò ní tíì dé ìkóríta kí ó tó gbé orí lé etí àga. Ó máa ń sọ pé inú mọ́tò ọkọ òun nìkan ni òun ti ń sùn bí ọmọ tuntun. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣíwọ́ oorun yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò sì sùn níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ó rántí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ìyá ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ nígbà náà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Máa bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Má jẹ́ kó dá wà níbẹ̀." Òun sì ṣe ìlérí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́. Ta ló fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa kó máa jókòó sínú mọ́tò láti máa sọ̀rọ̀? Ó rò pé kí àárò má pa bàbá òun ni ìyá ń wí. Ó lọ ra rédíò tuntun, èyí tó dára jù lọ, ó fi gbohùngbohùn mẹ́fà sí i, méjì nínú ilẹ̀kùn iwájú, méjì lẹ́yìn, méjì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tò ó débi pé bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó jókòó ti ọ́. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún náà lọ.

Bàbá dúpẹ́. Kò sì tàn án mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àǹtí Oníná jí ṣáájú gbogbo wọn. Ó gbé páálí fìríìjì àtijọ́ kan láti ẹ̀yìnkùlé, ó gé e kúrú, kò ga ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tóóró tó gùn ni wọ́n ń gbà láti àgbàlá bọ́ sí títì. Ó gbé páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀nà náà, ní àárín méjì, ibi tí oòrùn ti là á gbangba. Kò fi pamọ́. Ó tún padà wò ó láti ibi tí mọ́tò wà, kí ó lè dá a lójú pé ẹnikẹ́ni tó bá lójú yóò rí i.

"Màmi yóò bá wa lọ lónìí?" ni ọmọ bèèrè, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́yìn.

"Dúró sí fàráńdà ná. A fẹ́ dán nǹkan kan wò."

Bàbá ti jókòó. Ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó gé irùngbọ̀n, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nígbà tó ń wa ọ̀gá. Àǹtí Oníná ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó jókòó sórí àga ìyá. Ilẹ̀kùn dún gbì. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì bíréèkì ọwọ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó mọ̀ pé bí òun bá fà á sókè, mọ́tò náà á dúró láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Kí la fẹ́ dán wò?" ni Bàbá bèèrè.

"Ẹ sá máa lọ. Ẹ wà á bí ẹ ṣe máa ń wà á."

Ó tan ẹ́ńjìnnì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Wọ́n kúrò lójú kan. Ó dákẹ́. Ohun tó le jù tó ti ṣe láyé rẹ̀ ni ìdákẹ́ yìí. Ó ń wo páálí náà bó ṣe ń bọ̀, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bàbá tẹjú mọ́ iwájú gan-an, ọrùn rẹ̀ le.

"O dákẹ́," ni Bàbá wí.

Ó tẹjú mọ́ páálí náà.

"Sọ̀rọ̀ ná. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ohùn fínfín ké. Bàbá tẹ bíréèkì, bíréèkì náà sì mú lójú ẹsẹ̀, torí ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ọ lábẹ́ wọn, nǹkan tó rọ̀, tó ń rún wọ abẹ́ táyà.



"Kí nìyẹn?" ni Bàbá bèèrè. Ó yí ojú sí òsì, ó ń wá a. "Kí ni mo gbá?"

"Páálí ni."

"Páálí nìkan?"

"Páálí nìkan, Bàbá."

Láti fàráńdà, ọmọ pàtẹ́wọ́. "Bàbá àgbà ti tẹ páálí pa!" Ẹ̀rín rẹ̀ wọlé sínú mọ́tò náà láti ọ̀nà jíjìn, nítorí rọ́bà ilẹ̀kùn.

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó mí, ó tún mí.

"O gbé e síbẹ̀ ni."

"Mo gbé e síbẹ̀. Ó ga tó ọmọ mi." Kò fẹ́ kí ohùn òun le, ṣùgbọ́n ó ti le. "Ọmọ ọdún méje lẹ fi ṣe ojú, Bàbá. Ẹ̀ ń fún un ní máàkì."

Bàbá yọ ọwọ́ lórí sítíárìn, ó gbé wọn lé itan, bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn.

"Ojú mi ò kú tán," ló wí. "Àárín rẹ̀ ṣì wà. Mo ń rí ojú rẹ báyìí. Mo rí i pé o ò sùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń wo ojú rẹ, mi ò rí èjìká rẹ. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ yọjú. Dókítà ojú ní èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù ni ká máa fi oògùn bẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Màmá rẹ nìkan ni mo sọ fún."

"Màmá sì jẹ́ kí ẹ máa wà á?"

"Wọ́n bá mi jà. Oṣù kan gbáko. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò gbọ́, wọ́n ní kò burú, àwọn á máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn níbẹ̀. Tí a bá délé, màá ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n á ní, 'Kí ló kàn mí? Ṣé wọ́n mọ ohun tí mo mọ̀?'"

Àǹtí Oníná yí ojú sí i. "Màmá sọ fún mi," ló wí. "Ní bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Kò yé mi. Mo lọ ra rédíò."

Bàbá rọra fi ìka kan rédíò náà, kò wò ó, ó mọ ibi tó wà.

"Rédíò tó dára ni. Ọjọ́ tí o fi í sí i, mo tàn án fúngbà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ jù. Tí mo bá tàn án, mi ò ní gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ké."

Oòrùn ti dé orí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran," ni Bàbá wí. "Oṣù mẹ́rin yìí, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni mo lè ṣe. Tí mo bá gbé mọ́tò sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ jí fún láàárọ̀? Màmá rẹ ò sí. Ọ̀gá ò sí. Ọmọ yẹn ló kù tó ń sọ pé 'Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ.' Mo ní kí n ṣe é díẹ̀ sí i. Títí ọdún ilé ìwé yìí á fi parí."

"Tó bá jẹ́ pé òun ló dúró níbẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ tọ ara mọ́tò náà dé igun òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa páálí náà jáde lábẹ́ táyà, ó nà án, ó gbé e dúró níwájú ara rẹ̀. Ó dé e ní àyà. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, ó di orí páálí náà mú ní ibi tí ọmọ kan á ti ní orí. Àǹtí Oníná wò ó láti inú gíláàsì, kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹkún tí kò sun dáadáa níbi ìsìnkú, ó sun ún lórí àga yẹn, láì pariwo.

"Màmi, a ti pẹ́ o," ni ọmọ ké. "Wọ́n máa ti géètì."

Bàbá ká páálí náà ní ìlọ́po méjì, ó fi ti ògiri. Ó padà wá sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, kò sì tẹrí ba.

"Bọ́ sí ìdí sítíárìn," ló wí. "Ọmọ ò gbọdọ̀ pẹ́ nítorí mi."

Àǹtí Oníná sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jókòó sẹ́yìn, Bàbá. Ibẹ̀ ni ìtura wà. Ẹ ò jókòó síbẹ̀ rí."

"Inú dígí ni mo ti mọ ibẹ̀. Kí ọmọ lọ nà gbalaja síbẹ̀." Ó jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀, ó wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wọ omi tútù. Ó fa bẹ́líìtì. Ó pẹ́ kí ó tó rí ibi tó ń kì í bọ̀, nítorí láti ọ̀tún ló ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ gun ẹ̀yìn, ó bèèrè pé ṣé eré ò sí lónìí. Bàbá àgbà ní ó ti na òun pátápátá, kò sí máàkì tó kù.

Àǹtí Oníná jókòó sẹ́yìn sítíárìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó bíréèkì, torí bàbá rẹ̀ gùn. Ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mọ́tò kékeré tó wà lábẹ́ àga náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń tì í síwájú, ó ń gbé e sókè. Bàbá gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bọ́tìnnì méjì mìíràn wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n kọ oókan sí èkíní, eéjì sí èkejì. Àga náà máa ń fi wọ́n rántí bí ẹni méjì ṣe ń jókòó. Oókan ni ti Bàbá. Eéjì ṣófo láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, torí ìyá ò kọ́ mọ́tò wíwà. Ó gbé ìka lé eéjì.

"Nọ́ńbà wo lo fẹ́ tẹ̀?" ni Bàbá bèèrè. Kò yíjú padà.

"Eéjì. Kí oókan lè ṣì jẹ́ tiyín."

"Rárá. Oókan."

"Bàbá, tí mo bá tẹ oókan mọ́lẹ̀, tiyín máa parẹ́. Kò ní rántí mọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí bọ́tìnnì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́," ni Bàbá wí.

Ó gbé ìka kúrò lórí eéjì. Ó tẹ oókan, ó dì í mú, bó ṣe yẹ ká dì í mú, títí ó fi dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.